Orin Mélòó Ló Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Ẹ Bi Atẹpíánò Tó Bá Gba Ipò Kìíní

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ píánò àti àwọn tó ń tún ohùn píánò ṣe ni àwa tí a jọ kọ lẹ́tà yìí. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń ròyìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ orin kílásíkà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni orúkọ wọn máa ń jáde, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n bá gba ipò kìíní nínú ìdíje. Wọ́n á gbé àwòrán ọmọ náà sójú ìwé pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, wọ́n á ní ó ti dé ibi gíga, ó parí. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn gan-an ni ewu bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ náà ni yóò sì pinnu bóyá a óò ṣì máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ogún ọdún sí i: orin mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ìdíje Chopin tí wọ́n ń ṣe ní Warsaw ní Poland, ìlú tí Chopin, ẹni tó kọ orin púpọ̀ fún píánò, ti wá. Ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń ṣe é. Orin Chopin nìkan ni àwọn olùdíje ń tẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ títí dé àṣekágbá. Kọnṣẹ́ẹ̀tò méjì péré ni Chopin kọ, ìyẹn orin gígùn fún píánò àti ọ̀kẹ́sítírà (ẹgbẹ́ olórin ńlá), ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n sì ń mú lọ sí àṣekágbá. Ọ̀gá ni ẹni tó bá borí níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn, àmọ́ ohun tó fi han àwọn adájọ́ ni pé òun mọ orin ọkùnrin kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ilé orin yóò máa pe aṣojú rẹ̀. Ọ̀kẹ́sítírà kan ń fẹ́ Mozart, òmíràn ń fẹ́ Brahms, gbọ̀ngàn kan ń fẹ́ sọ̀nátà Beethoven, ìyẹn orin gígùn tó kọ fún píánò nìkan. Ọdún kan sí méjì ṣáájú ni wọ́n máa ń béèrè ètò orin, nítorí náà ọmọ ogún ọdún yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí orin tí kò tíì kọ́.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Láàárín sáà orin kan, atẹpíánò tí ọwọ́ rẹ̀ kún yóò nílò ètò àdánìkantẹ̀ méjì, ìyẹn èyí tí òun nìkan jókòó tẹ̀ láìsí ọ̀kẹ́sítírà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú 75 sí 90. Yóò tún nílò kọnṣẹ́ẹ̀tò mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú ti Mozart ń gba ìṣẹ́jú 25 sí 30, ẹlẹ́ẹ̀kẹta Rachmaninoff ń gba nǹkan bí 40, ẹlẹ́ẹ̀kejì Brahms sún mọ́ 50. Ẹni tó wọ ìdíje pẹ̀lú kọnṣẹ́ẹ̀tò méjì, tó wá jáde pẹ̀lú ìpè rẹpẹtẹ, ọ̀nà méjì ló kù fún un. Ó lè máa tẹ àwọn tó ti mọ̀ níbi gbogbo títí yóò fi sú òun fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣe ìyẹn, yóò máa kọ́ tuntun láàárín ìrìnàjò, yóò sì gbé e gun orí ìtàgé kó tó jinná.

Van Cliburn, ará Amẹ́ríkà, ni àpẹẹrẹ tí gbogbo àwa oníṣẹ́ yìí mọ̀. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Tchaikovsky àkọ́kọ́ ní Moscow ní 1958, lásìkò tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń wo ara wọn bí ọ̀tá. Ìlú New York tú jáde sí títì láti yẹ́ ẹ sí. Láti ìgbà náà lọ, kọnṣẹ́ẹ̀tò àkọ́kọ́ Tchaikovsky tó fi borí ni wọ́n ń bi í ní gbogbo ibi tó bá dé. Ní 1978 ó fi orí ìtàgé sílẹ̀, ó sì di 1987 kó tó padà. Ẹ wá wo Maurizio Pollini. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó borí ní Warsaw ní 1960. Ńṣe ló dín ìpè kù, ó padà sídìí ẹ̀kọ́, ó fẹ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú láti Bach títí dé orin àwọn tó ń kọ orin nígbà ayé tirẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ayé fi ń gbọ́ ọ kó tó kú ní 2024. A ò sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fa ìyàtọ̀ yìí, ìwà kálukú wà níbẹ̀. Àmọ́ ìwé ìròyìn tó bá ń sọ pé ẹni tó sinmi lẹ́yìn ìdíje ti "pòórá" kò mọ ohun tó ń wò.

Ìwúlò orin tó wà lọ́wọ́ hàn lọ́jọ́ tí atẹpíánò Maria João Pires jókòó sídìí píánò ní Amsterdam níwájú èrò, tí Riccardo Chailly ń darí ọ̀kẹ́sítírà. Kọnṣẹ́ẹ̀tò Mozart kan ló múra rẹ̀ wá. Òmíràn pátápátá, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ K. 466, ni ọ̀kẹ́sítírà bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Fídíò rẹ̀ ṣì wà: ojú rẹ̀ rọ, ó ń bá olùdarí sọ̀rọ̀, olùdarí ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi dá a lójú pé ó mọ̀ ọ́n, kò sì dá ọ̀kẹ́sítírà dúró. Ó máa ń lé ní ìṣẹ́jú méjì kí píánò tó wọlé nínú orin yìí. Nígbà tó kàn án, ó wọlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìsí ìwé. Iṣẹ́ ìyanu ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Orin tó ti tẹ̀ ní gbangba ṣáájú, tó ti gbé sílẹ̀, tó ti tún gbé, ni. Ohun tí a ń pè ní "ó wà lọ́wọ́" nìyẹn.

Kí orin tó wọ ọwọ́ báyìí, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan píánò. Ìwé orin ló máa ń kà pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́: níbo ni orin ti pín, níbo ni ohùn ìpìlẹ̀ (ohùn tí orin fi ṣe ilé) ti yí padà, níbo ni ohun tó ti kọjá ti padà wá? Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kọ nọ́ńbà ìka. 1 ni àtàǹpàkò, 5 ni ọmọńdinrín, ọwọ́ méjèèjì bákan náà. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ìka tí èèyàn bá fi kọ́ orin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ yóò máa wá kiri. Bó bá yí i padà nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́lé, ọwọ́ yóò gba ọ̀nà àtijọ́ lọ nígbà tí ẹ̀rù bá dé, yóò sì bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti sí ìka tó kù láti tẹ ohùn tó kàn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi máa ń dán nọ́ńbà ìka wò ní ìyára tí orin yóò fi lọ lórí ìtàgé kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni a óò fi kọ́ ọ. Ìka tó rọrùn nígbà tí orin ń rìn lè má ṣeé lò nígbà tó bá ń sáré.

Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ló kàn, òsì ṣáájú, nítorí òun ni wọ́n máa ń fojú di. Báà (ìpín kéékèèké tí wọ́n fi ìlà pín orin sí) méjì sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ti tó, kí ó sì máa kọjá sí ohùn àkọ́kọ́ nínú báà tó tẹ̀ lé e, torí ojú oríkèé gan-an ni orin ti máa ń já. Ìdajì ìyára ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí ó sún aago ìwọ̀n orin sókè díẹ̀. Bí èjìká tàbí ọrùn ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, kí ó padà sẹ́yìn, ìyára tó bá líle ara wá kì í dúró lórí ìtàgé. Ọwọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ohun tí a bá tún ṣe ló ń pa mọ́. Ọmọ tó bá ṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀karùn-ún, tó wá ṣí ojú ìwé, àṣìṣe ló kọ́ jù. Lẹ́yìn tí orin bá ti pé, kí ó gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tún un kọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ fún èèyàn díẹ̀ nínú yàrá, kí ó tún gbé e sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì máa ń yá ju àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ibi tí orin sì ti ń jinná gan-an nìyẹn. Fún kọnṣẹ́ẹ̀tò ńlá, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kò pọ̀ jù. Ẹ wá fi ìyẹn ṣírò àdéhùn tí a sọ lókè.

Kí àwọn atẹpíánò Clara Schumann àti Franz Liszt tó sọ títẹ orin láìwo ìwé di àṣà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwé ló sábà máa ń wà níwájú atẹpíánò. Lónìí, láìwo ìwé ni wọ́n ń retí pé kí ó tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù tó pọ̀ jù wà. Ìrántí ọwọ́ ló ń tètè wá, òun náà ló ń tètè dalẹ̀. Ìka kan ló ń pe èkejì. Bí píánò bá ṣàjèjì, tí àga ga jù, tàbí tí ẹ̀rù mú kí orin yá ju bó ti yẹ lọ, ìpè náà já. Ibi tó ń já jù ni ibi tí orin ti bára jọ. Nínú sọ̀nátà, ohun tí a gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń padà wá lápá ìparí, àmọ́ lẹ́ẹ̀kejì yìí kì í yà sí ohùn ìpìlẹ̀ mìíràn bíi ti àkọ́kọ́, ilé ló ń dúró sí. Ọwọ́ tí kò ní olùdarí yóò yà bíi ti àkọ́kọ́, atẹpíánò yóò sì rí i pé òun tún ń padà sí àárín orin tí òun ti tẹ̀ kọjá. A mọ orin tí èèyàn lè máa yípo nínú rẹ̀ báyìí láìríbi jáde.

Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé a kọ oríta méjèèjì sórí ìwé kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, a ó máa tẹ̀ wọ́n tẹ̀ léra wọn títí èèyàn yóò fi lè sọ ìyàtọ̀ wọn lẹ́nu láìfọwọ́ kan píánò. A tún ń pín orin sí ibùdó, bíi ogún sí ọgbọ̀n nínú orin gígùn. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti èyíkéyìí tí a bá pè, a sì ń pè é láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ìrántí bá já lórí ìtàgé, ibùdó tó wà níwájú ni kí ó fò sí. Kí ó má padà sẹ́yìn láé, ibi tó já ni yóò tún já. Bí ọ̀kẹ́sítírà bá wà níbẹ̀, kí ọwọ́ òsì di ìlù mú, kí etí máa wá ibi tí wọ́n dé.

Lójú wa, àṣà àìwo-ìwé yìí ti le jù. Sviatoslav Richter, atẹpíánò tí kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀lẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé síwájú nígbà tó dàgbà, pẹ̀lú àtùpà kékeré kan, òkùnkùn nínú gbọ̀ngàn yòókù. Àwọn ọ̀dọ́ ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ojú ìwé. Ó dára, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì tó ń ṣí ìwé yẹn náà ló yẹ kó wà lórí pẹ́dálì òsì, ìtẹ̀ tó bá sì wúwo jù máa ń ṣí ojú ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan. Kí tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti gba iná kún, kí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà ní pípa, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn má bàa jáde sórí orin Schubert.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí píánò fúnra rẹ̀, torí àwa tó ń tún un ṣe pọ̀ nínú àwa tó kọ̀wé yìí. Ẹni tó ń ta fáólì ń gbé fáólì tirẹ̀ kiri. Atẹpíánò kì í rí tirẹ̀ gbé. Píánò Steinway D tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ń lò gùn tó sẹ̀ntímítà 274, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 480. Ọmọ ìtẹ̀ 88 ló wà lójú rẹ̀, funfun 52, dúdú 36, pẹ̀lú wáyà bíi 240 tí agbára tí wọ́n fi ń fa férémù irin rẹ̀ lápapọ̀ tó tọ́ọ̀nù 18 sí 20. Krystian Zimerman wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń gbé píánò tirẹ̀ rìnrìn àjò, wọ́n sì ba ọ̀kan jẹ́ fún un ní pápákọ̀ òfúrufú New York lẹ́yìn ìkọlù 2001. Àwọn yòókù, àárọ̀ ọjọ́ eré ni wọ́n ń pàdé píánò tí wọn yóò lò, wákàtí kan tàbí méjì ni wọ́n sì máa ń rí lò pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó bá fi wákàtí yẹn tẹ ibi tó le nínú orin rẹ̀ ti fi ṣòfò. Orin kọ́ ni kí ó dánwò, píánò ni. Kí ó rọra tẹ gbogbo ọmọ ìtẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, kí ohùn wọn kéré débi tó lè kéré dé, kí ó sì ṣàkíyèsí èyí tí kò fọhùn. Ọmọ ìtẹ̀ máa ń wọlẹ̀ tó mìlímítà 10, nǹkan bíi gíráàmù 50 ló sì máa ń gbà kó tó wọlẹ̀. Bí díẹ̀ bá yí padà nínú èyí, ọwọ́ tó ti mọ́ra yóò gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Kí ó tẹ ohùn kan ṣoṣo léraléra kíákíá pẹ̀lú ìka mẹ́ta: ètò tí Sébastien Érard gbé jáde ní 1821 ló jẹ́ kí òòlù lè tún lu wáyà láìjẹ́ pé ọmọ ìtẹ̀ padà sókè tán, ibẹ̀ sì ni píánò tó ti gbó ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Kí ó wo bí pẹ́dálì ọ̀tún ṣe ń wọlẹ̀ tó kí àwọn òwú tó ń pa wáyà lẹ́nu mọ́ tó gbéra. Kí ó tẹ pẹ́dálì òsì. Ńṣe ni ìyẹn ń sún gbogbo òòlù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má bàa lu gbogbo wáyà ohùn kan, bí ojú òòlù bá sì ti jẹ dànù, ohùn tó yẹ kó rọ̀ yóò kàn dún bí agolo. Àga tó ń han nínú ibi tó dákẹ́ jù nínú orin kò mọ níwọ̀n, ẹ̀kán òróró kan ní àárọ̀ ló ń yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ kí òun lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kí ó gbọ́ ọ. Gbọ̀ngàn tó ṣófo ní àárọ̀ máa ń dún jù, aṣọ èrò ló ń mu ohùn lálẹ́. Pẹ́dálì tó tọ́ ní àárọ̀ lè jẹ́ kí orin gbẹ lálẹ́.

Bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó sọ ọ́ bí oníṣẹ́ yóò ṣe lè lò ó. "Píánò yìí ò da" kò wúlò fún wa. "Láti F tó wà lókè C àárín títí dé F tó tẹ̀ lé e, ohùn ń pariwo ju ti ìsàlẹ̀ lọ" ni ọ̀rọ̀. A lè fi abẹ́rẹ́ gún irun àgùntàn tí wọ́n kì sórí òòlù kí ohùn lè rọ̀, ìyẹn kò gba àkókò púpọ̀. Ohun tí atẹpíánò gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé a kì í gún un kí a tún yọ ọ́ padà. Bí ó bá yí ọkàn padà ní agogo mẹ́fà, oògùn tí a ń fi mú òòlù le gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó mọ bí ohùn ṣe rí, kò sí ààyè fún ìyẹn kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, díẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Títún ohùn ṣe máa ń gba wákàtí kan sí méjì, ó sì yẹ kí iná orí ìtàgé ti wà ní títàn nígbà náà, torí iná ń mú wáyà gbóná, wáyà tó gbóná ń tú díẹ̀, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. Ọ̀rinrin tún burú jùyẹn lọ: pákó tó wà lábẹ́ wáyà ń mu ún, ó ń wú, ó ń ti wáyà sókè, ohùn ń gòkè, ti àárín sì ń kúrò lójú ìlà ṣáájú ti àwọn yòókù. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Kí a bi ọ̀kẹ́sítírà léèrè ìwọ̀n A wọn, ìyẹn ohùn tí gbogbo wọn fi ń ṣe ìwọ̀n, bóyá ìgbà 440 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí 442, kí a tó fọwọ́ kan èèkàn kankan. Kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ gbálẹ̀ nínú gbọ̀ngàn nígbà tí a ń ṣe é. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló ń bá iṣẹ́ wa jẹ́ jù lọ. Bí wáyà bá já láàárín eré, tó bá jẹ́ ibi tí wáyà mẹ́ta ti ń dá ohùn kan, a lè yọ èyí tó já nígbà ìsinmi, kí eré máa lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan ṣoṣo ló ní, a gbọ́dọ̀ fi tuntun sí i, tuntun náà yóò sì máa tú fún ọjọ́ mélòó kan.

Ti ara ńkọ́? Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ atẹpíánò ń ṣe, kí ó sì jẹ́ ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìsinmi. Ohun tó ń ba ọwọ́ jẹ́ ni ìfòsókè òjijì: ẹni tó ń ṣe mẹ́ta tó wá di mẹ́jọ nítorí ìdíje ti sún mọ́lé, pẹ̀lú orin tó kún fún ohùn mẹ́jọ-mẹ́jọ tó wúwo (kí ọwọ́ kan tẹ ohùn kan pọ̀ mọ́ ìkẹjọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà), tí ọrùn ọwọ́ sì le gbagidi. Ìrora tó ṣì wà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ kọjá. Bí ìka 4 àti 5 bá ń kú tipiri, ó sábà máa ń jẹ́ iṣan tó gba ìgúnpá kọjá ló ń jìyà. Èyí tó burú jù kì í dunni rárá: ìka a kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká sínú láìgbàṣẹ bí èèyàn bá ti jókòó ti píánò. Ọpọlọ ló da àṣẹ rú, agbára ọwọ́ kò dín, bí èèyàn bá sì ṣe ń ṣiṣẹ́ lé e lórí tó ló ń burú sí i. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún atẹpíánò Leon Fleisher nígbà tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń tẹ orin fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú kọnṣẹ́ẹ̀tò tí Ravel kọ fún Paul Wittgenstein, ẹni tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ gba apá ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1990 kó tó tún lè máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ní gbangba déédéé.

Ìwọ̀n ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ohùn mẹ́jọ lórí píánò ti gbogbo ayé ń lò fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 16.5. Rachmaninoff ya kọnṣẹ́ẹ̀tò kẹta rẹ̀, 1909, sí Josef Hofmann lórúkọ, Hofmann kò sì tẹ̀ ẹ́ ní gbangba láé. Ọwọ́ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Steinway fi ṣe píánò tí ọmọ ìtẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín fún un. Irú rẹ̀ ṣì wà lónìí, àmọ́ gbọ̀ngàn tí yóò ní in nílẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọlọ́wọ́ kékeré tó bá mọ ara rẹ̀ yóò yan orin tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, yóò sì kọ àwọn kan. Kíkọ̀ yẹn wà lára iṣẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọ láti kékeré.

Ní ti owó, díẹ̀ la óò sọ. Aṣojú ń mú ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba ibi tó ti tẹ̀ ń yọ owó orí kó tó kúrò níbẹ̀, bí àìsàn bá sì mú un lọ́jọ́ eré, kò sí owó. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ tí ẹ ń rí lórí ìtàgé fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní píánò bákan náà. Àmọ́ àìsàn ẹnì kan máa ń jẹ́ ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní 1963, Glenn Gould kò lè tẹ̀ pẹ̀lú New York Philharmonic, ọmọ ọdún 16 kan tó ń jẹ́ André Watts sì gbé kọnṣẹ́ẹ̀tò àkọ́kọ́ Liszt jókòó sí àyè rẹ̀. Ní 1999, Watts náà ni ara rẹ̀ kò yá, Lang Lang ọmọ ọdún 17 ló fi Tchaikovsky dípò rẹ̀ pẹ̀lú Chicago Symphony. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í fúnni ní ọ̀sẹ̀ láti múra. Ẹni tí orin náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíràn ni wọn yóò pè.

Nígbà mìíràn tí akọ̀ròyìn yín bá bá ọ̀dọ́ atẹpíánò pàdé pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, kí ó bi í ní kọnṣẹ́ẹ̀tò tó lè tẹ̀ bí wọ́n bá pè é lọ́la, kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà sí i. Kí ó bi í ẹni tó ń yan ètò orin rẹ̀, òun ni tàbí aṣojú. Kí ó bi í pé eré mélòó ló gbà fún sáà tó ń bọ̀, àti oṣù wo nínú rẹ̀ ni kò gba ìpè kankan kó lè kọ́ tuntun. Bí kò bá sí oṣù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìròyìn yín.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ píánò àti oníṣẹ́ píánò tó ń ka ìwé ìròyìn yín